Òfin Tó Ń Wọn Èjìká Ajá

Láti ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 2024, ẹnikẹ́ni tó bá ń sin ajá tí wọ́n ń pè ní American XL Bully nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tàbí ní Wales láìní ìwé ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ ti di arúfin. Ọlọ́pàá lè gbé ajá náà lọ, ilé ẹjọ́ sì lè pàṣẹ pé kí wọ́n pa á, ì báà jẹ́ pé kò gé ẹnikẹ́ni jẹ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Bí ẹ bá ní ẹbí ní London tàbí Manchester, ẹ ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lórí fóònù. Bóyá ẹ sì ti bi ara yín pé: àwọn èèyàn tó ń gbé ajá sùn sórí bẹ́ẹ̀dì, tó ń gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà bó bá sín lásán, kí ló mú wọn ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀?

Ẹ jókòó, ẹ jẹ́ ká tú u palẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà gùn, ó sì ní ìtàn nínú, àmọ́ kò sí ohun tó ṣòro níbẹ̀ fún ẹni tó bá ti rí ajá rí.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ajá náà fúnra rẹ̀. XL Bully kì í ṣe ajá tó ga fíofío. Orí rẹ̀ fẹ̀, ọrùn rẹ̀ kúrú ó sì ki, àyà rẹ̀ gbòòrò débi pé ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì jìnnà síra. Irun rẹ̀ kúrú, ó lẹ̀ mọ́ ara, ẹ ó sì máa rí iṣan tó ń yí lábẹ́ awọ bó ṣe ń rìn. Akọ rẹ̀ a máa ga tó sẹ̀ǹtímítà 51 láti ilẹ̀ dé èjìká, abo a sì tó 48. Akọ tó bá dàgbà dáadáa lè wọn ju kílò 50 lọ. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, nítorí ìwọ̀n ara yìí ni gbogbo ẹjọ́ náà dá lé.

Níbo ló ti wá? Gbogbo ajá tó wà láyé, àti ékúkè tó ń sùn lábẹ́ tábìlì ìyá alákàrà, àti ajá kékeré onírun tí àwọn olówó ń gbé sínú báàgì, ọ̀dọ̀ ìkookò ni wọ́n ti ṣẹ̀. Yíyàn tí ọmọ ènìyàn ń yàn ló sọ wọ́n di oríṣiríṣi. Bí àgbẹ̀ bá kórè àgbàdo tán, a ṣa àwọn tó gbó jù, tí hóró wọn kún, a so wọ́n kọ́ sókè àdògán. Kò ní sè wọ́n jẹ, àwọn ni yóò gbìn lọ́dún tó ń bọ̀. Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún títí, àgbàdo oko rẹ̀ kò ní jọ ti ẹni tó múlé gbè é mọ́. Ohun tí àwọn darandaran àti ọdẹ ayé àtijọ́ fi ajá ṣe nìyẹn. Ẹni tó ń da àgùntàn yan ajá tó lè kó ẹran jọ láìjẹ ẹ́. Ọdẹ yan èyí tí imú rẹ̀ mú.

Àwọn kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì wà tí wọ́n yan ti ìjà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, eré kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti ń so akọ màlúù mọ́ òpó, tí wọ́n á tú ajá sí i, tí èrò á yí wọn ká, tí wọ́n á máa ta tẹ́tẹ́. Ajá tó gbayì nínú eré náà ni èyí tó bá bu màlúù mú nímú tí kò sì tú u sílẹ̀, bí màlúù fẹ́ kí ó jù ú sókè, bó fẹ́ kí ó là á mọ́lẹ̀. Ọmọ ajá bẹ́ẹ̀ ni gbogbo onítẹ́tẹ́ ń wá rà. Ní ọdún 1835, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Bìrìtéènì fòfin de eré náà.

Ṣé wọ́n wá jáwọ́? Rárá o. Màlúù ṣòro fi pamọ́, àmọ́ ajá méjì lè jà ní yàrá abẹ́ ilé láìsí ẹni tó mọ̀. Ni wọ́n bá mú bulldog, ajá tó ń bá màlúù jà yẹn, wọ́n mú un gun terrier, ajá kékeré tó yára bí àṣá, tí wọ́n fi ń pa eku. Ọmọ tí wọ́n bí ní agbára ti àkọ́kọ́, ó sì ní ìyára ti èkejì. Nígbà tí àwọn ará Bìrìtéènì ń ṣí lọ sí Amẹ́ríkà, wọ́n kó ajá wọ̀nyí dání. Ọdún 1898 ni ẹgbẹ́ kan níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní United Kennel Club bẹ̀rẹ̀ sí í forúkọ wọn sílẹ̀ ní American Pit Bull Terrier.

Ó yẹ kí n sọ ohun kan tí àwọn tó kórìíra ajá yìí kì í fẹ́ gbọ́. Àwọn onítẹ́tẹ́ ìjà ajá kò fẹ́ ajá tó ń gé olúwa rẹ̀ jẹ, nítorí àwọn fúnra wọn ló ń wọ àárín ìjà lọ yà wọ́n. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ pit bull ló rọ̀ mọ́ èèyàn gan-an. Ìgbà tí ó di bíi ọdún 1980 sí 1990, àwọn ará Amẹ́ríkà kan tún bẹ̀rẹ̀ àdàlù mìíràn: wọ́n mú ìran pit bull, wọ́n fi ìran bulldog tó sanra lù ú, wọ́n ní ajá tó rí bí òmìrán àmọ́ tó ní sùúrù nínú ilé làwọn ń wá. Òun ni wọ́n pè ní American Bully, XL sì ni èyí tó tóbi jù nínú wọn. Ó dé Bìrìtéènì ní nǹkan bí ọdún 2014. Nígbà tí àrùn Kòrónà sé gbogbo ayé mọ́lé, tí oníkálukú ń wá ajá tí yóò máa bá a gbélé, ọjà rẹ̀ wá gbóná janjan.

Ẹ lè sọ pé, ṣé kì í ṣe gbogbo ajá ló ń géni jẹ ni? Bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn ajá kéékèèké kan tilẹ̀ wà tó jẹ́ pé wọ́n yára géni jẹ ju àwọn ńlá lọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ya ìbéèrè méjì sọ́tọ̀ níbi yìí, nítorí dídà tí àwọn èèyàn ń dà wọ́n pọ̀ ni kò jẹ́ kí àríyànjiyàn yìí tán. Ìbéèrè kìíní: ẹ̀ẹ̀mélòó ni ajá yìí máa ń géni jẹ? Ìkejì: bó bá géni jẹ, kí ló máa ń ṣẹ́kù lára ẹni náà?

Ọ̀pọ̀ ajá tó bá géni jẹ, ìkìlọ̀ ló ń ṣe. A gé, a sì jù ú sílẹ̀, a fi ojú ọgbẹ́ sílẹ̀. Ajá tó wá láti ìdílé àwọn tó ń bá màlúù jà lè má ṣe bẹ́ẹ̀. A gbé eyín lé ara, a dì í mú, a bẹ̀rẹ̀ sí í gbọn orí sọ́tùn-ún sósì, ìgbọ̀nrí yẹn ló sì ń fa ẹran ya. Ẹ wá fi kílò 50 kún un. Àgbàlagbà ọkùnrin lè má lè dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ní ti ọmọdé, ẹnu ajá náà àti ọrùn ọmọ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe déédéé ara wọn.

Ẹ ó gbọ́ tí àwọn kan á máa sọ pé kọ́kọ́rọ́ wà ní àgbọ̀n pit bull, pé bó bá ti pa eyín dé kò ṣeé ṣí mọ́. Irọ́ ni. Egungun àgbọ̀n rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti ajá yòókù. Kò ní kọ́kọ́rọ́ kankan. Kò fẹ́ tú u sílẹ̀ ni, nítorí àwọn tí kì í tú u sílẹ̀ ni wọ́n ń yàn láti ọjọ́ tó ti pẹ́.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká dé orí òfin. Ti XL Bully kọ́ ni àkọ́kọ́. Ní ọdún 1991, ajá kọ lu èèyàn níbi púpọ̀ ní Bìrìtéènì, títí kan ọmọdébìnrin ọmọ ọdún mẹ́fà kan ní ìlú Bradford, inú sì bí gbogbo ará ìlú. John Major ló ń ṣe olórí ìjọba nígbà náà. Kenneth Baker, mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé rẹ̀, gbé àbá òfin dé ilé ìgbìmọ̀, wọ́n sì sáré fọwọ́ sí i. Òfin náà ka irú ajá mẹ́rin léèwọ̀: pit bull terrier, Tosa ti Jàpáánù, tí wọ́n ń fi ṣe ìjà ajá, Dogo ti Ajẹntínà, tí wọ́n fi ń dọdẹ ìmàdò, àti Fila ti Bràsíìlì, tó ń ṣọ́ oko àti màlúù. Ká sọ tòótọ́, pit bull nìkan ló pọ̀ níbẹ̀. Àwọn mẹ́ta tó kù, ẹni tó bá rí ọ̀kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti rí ohun tó ṣọ̀wọ́n.

Báwo ni ọlọ́pàá ṣe máa ń mọ̀ pé ajá kan jẹ́ pit bull? Ibi tí iṣẹ́ wà nìyí. Ẹgbẹ́ Kennel Club ti Bìrìtéènì, tó ń tọ́jú ìwé ìdílé àwọn ajá, kò ka pit bull mọ́ ìran tó ń forúkọ wọn sílẹ̀. Kò sí ìwé tí wọ́n lè tú wò láti mọ bàbá àti ìyá rẹ̀. Nítorí náà òfin kò sọ̀rọ̀ ìran, irú ló sọ: ajá tó bá ti rí bí pit bull, pit bull ni lójú òfin. Ọlọ́pàá tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀ á mú téèpù, á wọn èjìká, á wo orí, àyà, ẹsẹ̀, ìrù àti irun, á wá sọ bóyá ó pọ̀ tó. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kọ́ ni yóò dá ẹjọ́ náà. Ajá tí ìyá rẹ̀ jẹ́ Labrador, tí kò sí ẹni tó mọ bàbá rẹ̀, lè bọ́ sínú òfin nítorí ìrísí nìkan, nígbà tí àbúrò rẹ̀ tí wọ́n jọ bí lọ́jọ́ kan náà á máa lọ ní tirẹ̀ lómìnira.

Ohun mìíràn wà níbẹ̀ tó yani lẹ́nu. A mọ̀ pé ní kóòtù, ẹni tó fẹ̀sùn kanni ló gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí hàn. Nínú òfin yìí, bí ìjọba bá ti sọ pé ajá yín wà lára irú tó jẹ́ èèwọ̀, ẹ̀yin lẹ máa fi ẹ̀rí hàn pé kò sí lára wọn.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, adájọ́ kò ní ọ̀nà mìíràn: bí ajá bá ti jẹ́ irú yẹn, ikú ni. Ọdún 1997 ni wọ́n tún òfin ṣe tí adájọ́ fi lè dá ajá náà sí, bó bá rí i pé kì í ṣe ewu fún ará ìlú. Wọ́n á tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá. Wọ́n á fi microchip, ohun tín-ń-tín tó ní nọ́ńbà ìdánimọ̀, sábẹ́ awọ rẹ̀. Olówó rẹ̀ á ra ìnṣọ́ránsì. Bó bá sì ti jáde síta, okùn gbọ́dọ̀ wà lọ́rùn rẹ̀, ìdènu gbọ́dọ̀ wà lẹ́nu rẹ̀.

Àwọn tó ń gbé ní Bìrìtéènì, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ àwọn irú wọ̀nyẹn nìkan ni. Apá kan wà nínú òfin 1991 náà tó de gbogbo ajá, kékeré àti ńlá: bí ajá yín bá di èyí tí apá kò ká níbi tí èèyàn wà, ẹ ti ṣẹ̀ sí òfin. Láti ọdún 2014, inú ilé yín pẹ̀lú wà lábẹ́ rẹ̀. Bí ajá yín bá gé àlejò tó wá kí yín jẹ ní pálọ̀, ẹ lè jẹ́jọ́. Bó bá pa á, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ lè tó ọdún 14.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí XL Bully. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, fídíò kan tàn ká láti Birmingham, níbi tí ajá kan ti kọ lu ọmọdébìnrin ọmọ ọdún 11, tó sì tún lé àwọn tó wá gbà á sílẹ̀. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí ọkùnrin kan fi kú ní Staffordshire lẹ́yìn tí ajá méjì kọ lù ú. Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù náà, Rishi Sunak, olórí ìjọba nígbà náà, kéde pé kí ọdún tó parí òun yóò ti fòfin de ajá náà.

Ìpele méjì ni wọ́n gbé e gbà. Láti ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 2023, kò sí títa, kò sí fífi tọrẹ, kò sí mímú akọ gun abo, kò sì sí jíjáde láìsí okùn àti ìdènu. Ìpele kejì ni ti oṣù kejì ọdún 2024 tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí: ìwé ìyọ̀ǹda, tí owó rẹ̀ jẹ́ £92.40 nígbà náà, àti gbogbo àwọn ohun tí mo kà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó rí i nígbà náà pé òun kò lè ṣe é, tó gbé ajá rẹ̀ lọ fún dókítà ẹranko kó fi abẹ́rẹ́ pa á, ìjọba san £200 fún un gẹ́gẹ́ bí owó gbà-má-bínú. Àwọn tó ń tọ́jú ajá aláìnílé ló ká lára jù. Bí wọn kò ṣe lè fi XL Bully fún ẹnikẹ́ni mọ́, àwọn tó wà lọ́wọ́ wọn, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni, kò rí ibì kankan lọ.

Mélòó ni àwọn ajá náà? Ìṣirò tí ìjọba kọ́kọ́ ṣe jẹ́ nǹkan bíi 10,000. Àwọn tó wá gba ìwé ìyọ̀ǹda lé ní 50,000. Mi ò fi ìyẹn ṣe yẹ̀yẹ́ ìjọba. Irú ajá tí kò sí nínú ìwé ìdílé Kennel Club ti Bìrìtéènì, ta ni yóò kà á pé? Àmọ́ ó fi hàn pé ọjà kan ti wà níbẹ̀ tí ojú ìjọba kò tó. Ní Scotland, tí òfin wọn dá dúró, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kó ajá wọn sọdá ibodè lọ síbẹ̀, títí Humza Yousaf, olórí ìjọba ibẹ̀ nígbà náà, fi kéde ní oṣù kìíní ọdún 2024 pé àwọn náà yóò ṣe irú òfin kan náà. Àríwá Ireland tẹ̀ lé e lọ́dún yẹn kan náà.

Ta ló wá lòdì sí i? Ẹ lè rò pé àwọn olówó ajá nìkan ni. Rárá, àwọn ẹgbẹ́ tó lókìkí jù nínú ọ̀rọ̀ ẹranko ní Bìrìtéènì ni: RSPCA, Dogs Trust, Battersea, Kennel Club, àti ẹgbẹ́ àwọn dókítà ẹranko. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ìwà ni ká fi dá ajá lẹ́jọ́, kì í ṣe ìrísí, pé láti ọdún 1991 tí òfin ti wà, ajá kò yé géni jẹ. Wọ́n tún mú ìwádìí kan dání, èyí tí àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní ọdún 2022 nínú ìwé ìròyìn Science. Wọ́n bi olówó ajá tó lé ní 18,000 léèrè ìwà ajá wọn, wọ́n sì yẹ àbùdá àjogúnbá ajá tó lé ní 2,000 wò. Wọ́n rí i pé ìran ajá kò sọ ju nǹkan bí ìdá 9 nínú ọgọ́rùn-ún lọ nípa ohun tó mú kí ìwà ajá kan yàtọ̀ sí ti òmíràn.

Kí ni ìdá 9 yẹn túmọ̀ sí fún wa? Pé bí ẹnìkan bá sọ orúkọ ìran ajá rẹ̀ fún yín, díẹ̀ lẹ tíì mọ̀ nípa ìwà ajá náà gan-an. Ìyókù wà lọ́wọ́ ìtọ́jú, ọjọ́ orí, ohun tójú rẹ̀ ti rí, àti bí ẹ̀dá tirẹ̀ ṣe rí. Mo gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé ìbéèrè kìíní ni ìwádìí náà dáhùn. Kò wọn bí ọgbẹ́ ṣe jinlẹ̀ tó. Òbí tó sin ọmọ rẹ̀ kò bi yín bóyá ajá yẹn máa ń bínú ju ajá mìíràn lọ. Ohun tó ń sọ ni pé ọjọ́ kan ṣoṣo tó bínú, ó ti tán. Ẹ̀gbẹ́ kan ń dáhùn èyí, ìkejì ń dáhùn tọ̀hún, àwọn méjèèjì sì ń sọ òtítọ́.

Bí ẹ bá sì gbọ́ tí ẹnikẹ́ni kéde pé pit bull ló fa ìdá báyìí nínú gbogbo ikú tí ajá fà, ẹ fara balẹ̀. Ilé ìwòsàn kì í sábà kọ ìran ajá tó géni jẹ sílẹ̀. Oníròyìn tó bá rí ajá olórí fífẹ̀, pit bull ni yóò pè é. Bí ẹ kò bá sì mọ iye irú ajá náà tó wà nílùú, ẹ kò lè sọ bóyá ó ń géni jẹ ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ.

Ohun kan ṣì wà tí mi ò tíì sọ, tí mo rò pé òun ló wúwo jù. Láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rìnlá lẹ́yìn tí wọ́n bí ọmọ ajá ni ọpọlọ rẹ̀ máa ń kọ́ ohun tó jẹ́ ti ayé: ìró ọmọdé, òórùn àlejò, ọkùnrin tó dé fìlà, ọ̀kadà tó ń kọjá. Ohun tó bá bá pàdé ní sáà yẹn láìsí ìpalára, kò ní máa bẹ̀rù rẹ̀ mọ́. Ohun tí kò bá rí, ẹ̀rù rẹ̀ lè máa bà á títí ayé, ìbẹ̀rù ló sì ń mú ọ̀pọ̀ ajá géni jẹ. Ẹ wá wo ọmọ ajá tí wọ́n bí sínú ahéré ẹ̀yìnkùlé, tí oníṣòwò kan ń bí wọn tà bí ẹní ń ta búrẹ́dì, tí kò rí ju ẹsẹ̀ ẹni tó ń gbé oúnjẹ fún un lọ. Ọmọ ajá náà á dé ọwọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó rà á nítorí kí àdúgbò lè máa bẹ̀rù òun. Ẹ tún fi kílò 50 kún un.

Nítorí náà, bí ẹ bá bi mí, èmi kò bá àwọn tó ní kí wọ́n gbé òfin náà jù sígbó gbà. Dídá títà àti bíbí irú ajá yìí dúró bọ́gbọ́n mu, nítorí ajá tí agbára rẹ̀ ju ti ẹni tó di okùn rẹ̀ mú lọ kì í ṣe ohun tí a ń rà fún ìgbéraga. Ibi tí ẹsẹ̀ òfin náà ti yẹ̀ ni pé ó ń wọn ara ajá, kò wọn ọwọ́ ẹni tó ń bí i tà. Ẹ ronú sí i: ní 1991 wọ́n de pit bull. Àwọn oníṣòwò mú ẹ̀jẹ̀ pit bull kan náà, wọ́n fi ìran mìíràn lù ú, ìrísí rẹ̀ yí padà, ó wọ Bìrìtéènì láìsí ẹni tó dá a dúró. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni òfin fi ń ṣọ́ ilẹ̀kùn iwájú.

Kì í ṣe pé kò sí òfin rárá lórí títa ajá. Láti ọdún 2018, ẹni tí ajá rẹ̀ bá ń bímọ ní ìgbà mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́dún nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tàbí tó bá ń fi bíbí wọn ṣòwò, gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Láti 2020, ẹni tó bá fẹ́ ra ọmọ ajá gbọ́dọ̀ rà á lọ́dọ̀ ẹni tí ajá rẹ̀ bí i gan-an tàbí ní ilé tó ń tọ́jú ajá aláìnílé, kì í ṣe ní ṣọ́ọ̀bù. Àmọ́ ta ló ń ka iye ìgbà tí ajá ẹ̀yìnkùlé bí? Àwọn ìlú mìíràn ti dé orí ọ̀rọ̀ yìí ṣáájú. Netherlands de pit bull ní 1993, wọ́n kéde ní 2008 pé àwọn ń pa òfin náà rẹ́ nítorí pé bí ajá ṣe ń géni jẹ kò dín kù. Denver ní Amẹ́ríkà de é ní 1989. Àwọn ará ìlú dìbò ní 2020, wọ́n sì pààrọ̀ rẹ̀ sí òfin tó gba olówó ajá láyè láti gba ìwé àṣẹ. Ní Lower Saxony ní Jámánì, láti 2013, ẹni tó bá fẹ́ sin ajá, irú yòówù kó jẹ́, gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun mọ̀ ọ́n sìn. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló wù mí jù.

Àwa ńkọ́, nílé níbí? Ní Èkó àti Ìbàdàn, ajá ńlá kì í ṣe ọ̀rẹ́ inú ilé fún ọ̀pọ̀ wa, ọlọ́dẹ ni. Boerboel láti Gúúsù Áfíríkà, Rottweiler, Alsatian, Caucasian tó nírun bí àgùntàn: inú kéèjì ni wọ́n wà látàárọ̀, alẹ́ ni géètìmáànù á tó tú wọn sílẹ̀. Bí ẹ bá rántí ohun tí mo sọ nípa ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rìnlá, ẹ ó rí i pé ọ̀nà tí à ń gbà tọ́ wọn gan-an ló ń sọ wọ́n di ewu. Ajá àwọn ọdẹ àtijọ́ kì í gbé irú ayé bẹ́ẹ̀. Àárín èèyàn ló ń gbé, ó ní orúkọ tó ń jẹ́, ọmọ ilé ló ń bá a ṣeré.

Síbẹ̀, bí ẹ bá ní kí n sọ ajá tó yẹ kí ẹ̀rù rẹ̀ bà yín jù ládùúgbò wa, kì í ṣe Boerboel. Ékúkè tí kò ní olówó, tí kò gba abẹ́rẹ́ àjẹsára rí, tí kò wọn kílò 15, ni. Àrùn dìgbòlugi ń gba inú itọ́ wọ ojú ọgbẹ́, á máa gun iṣan lọ títí yóò fi dé ọpọlọ, bí àmì rẹ̀ bá sì ti yọ lára èèyàn, ẹni tó ń yè é kò wọ́pọ̀ rárá. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, fojú bù ú pé nǹkan bí èèyàn 59,000 ló ń pa lọ́dọọdún, pàápàá ní Áfíríkà àti Éṣíà, ajá ló sì ń fà á ní ìdá 99 nínú ọgọ́rùn-ún. Kò sí téèpù tó lè wọn ìyẹn lára ajá.

Bí ajá bá gé yín jẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú ibẹ̀ kéré, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún gbáko. Ẹ má fi ata sí i, ẹ má fi epo sí i. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ fún yín, ẹ má dúró wò bóyá ara yóò yá. Bí ajá náà bá ní olówó, ẹ béèrè káàdì abẹ́rẹ́ rẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí àwọn ọmọ àdúgbò fi kùmọ̀ pa á bó bá ṣeé dè mọ́lẹ̀. Kí wọ́n dè é, kí wọ́n máa fún un lóúnjẹ àti omi, kí dókítà ẹranko sì máa ṣọ́ ọ fún ọjọ́ mẹ́wàá: bó bá ṣì wà láàyè tí ara rẹ̀ sì dá ṣáṣá, kò sí dìgbòlugi nínú itọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tó gé yín jẹ, dókítà yín sì lè dá abẹ́rẹ́ tó kù dúró.